Kámẹ́rà 60 dọ́là àti búlọ́ọ̀kù iyọ̀ màlúù: bí mo ṣe lò wọ́n fún àgbọ̀nrín láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn kan ti ń bi mí tipẹ́ pé kámẹ́rà wo, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ igi kó máa dá fọ́tò yà, ni mo fi ń ya àwọn àgbọ̀nrín tí mo máa ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ yẹn, àti pé ṣé òótọ́ ni pé iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dẹ ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ láìtíì lò ó yí sáà kan po, torí mo ti rí ẹni tó gbé iyọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ayédèrú ni iyọ̀ yẹn, pé àgbọ̀nrín kankan ò yà síbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́, ìgbà tó gbé e kalẹ̀ ni ò bá a mu.

Ẹ̀bá Atlanta ní Georgia ni mò ń gbé. Ilẹ̀ tí mò ń lò wà ní Jasper County, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan tí mo bá wakọ̀, ti bàbá kan tí a jọ ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì ni. Bàbá yẹn kọ ìwé fún mi ó sì buwọ́ lù ú, ẹ má fojú kéré ìwé yẹn o, torí látọdún 2018 ni òfin Georgia ti gbà káàkiri ìpínlẹ̀ náà pé kéèyàn máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbi oúnjẹ tàbí iyọ̀ tó gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni nìkan ni, onílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ìwé yọ̀ǹda. Ti ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní WMA, ẹ má dán an wò rárá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹ wo ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti iyọ̀. Méjì ni mo rà. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́búlẹ́bú nínú àpò 20 páùn, wọ́n ya akọ àgbọ̀nrín tí ìwo rẹ̀ pẹ̀ka bí igi sára àpò náà, dọ́là 24 ni wọ́n tà á fún mi. Èkejì ni búlọ́ọ̀kù pupa rúsúrúsú tí àwọn ọlọ́sìn màlúù ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran, 50 páùn gbáko, kò tó dọ́là 12. Odò kékeré kan gba àárín ilẹ̀ yẹn kọjá, mo da lẹ́búlẹ́bú sí apá òkè odò, mo gbé búlọ́ọ̀kù sí apá ìsàlẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn dáadáa. Ìparí oṣù kejì nìyẹn.

Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Búlọ́ọ̀kù yẹn tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kàn ń gbóòórùn rẹ̀ wọ́n ń kọjá, àfìgbà tí òjò rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta tó yọ́ wọnú ilẹ̀, ni wọ́n bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ibi méjèèjì. Mo wá ka ẹ̀yìn àpò oníwo yẹn dáadáa, iyọ̀ ló wà lókè pátápátá nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, iyọ̀ náà ló sì pọ̀ jù nínú búlọ́ọ̀kù màlúù, ó lé ní ìdá 90 nínú 100. Iyọ̀ ni ẹran ń wá, ìyẹn sódíọ̀mù. Ìwo ńlá ò sí nínú àpò kankan. Ọjọ́ orí ẹran, oúnjẹ tó ń jẹ àti ìran tó ti wá ló ń fún un ní ìwo ńlá, kálísíọ̀mù tó sì fi ń kọ́ ìwo yẹn, ara ewé tó ń jẹ ló ti ń rí i, èyí tí kò bá tó á yá a lára egungun ìhà ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Òkè-Ògùn á ti rí bí àwọn darandaran ṣe ń fún màlúù wọn ní kàn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Owó àwòrán ìwo tó wà lára àpò yẹn lẹ ń san.

Ìdí tí mo fi ní oṣù kẹwàá ò bá a mu nìyí. Láti oṣù kẹta lọ, tí ewé tuntun bá ti ń rú, omi ló kún inú ewé yẹn, potásíọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, sódíọ̀mù ibẹ̀ ò tó nǹkan. Bí àgbọ̀nrín bá ṣe ń jẹ ewé yẹn tó ni iyọ̀ ń bá ìtọ̀ jáde lára rẹ̀, iyọ̀ á wá máa wù ú bí amọ̀ ṣe ń wu aláboyún. Abo ti wà nínú oyún nígbà yẹn, oyún wọn tó bí 200 ọjọ́, ìparí oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ ní apá ibí, wàrà tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ náà sì ń fa iyọ̀ lára wọn. Akọ ní tiẹ̀ ń hu ìwo tuntun. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé àgbọ̀nrín ilé lẹ mọ̀, ìwo ti ilé kì í já bọ́, èyí tó bá hù ló máa wà lórí rẹ̀ títí tó fi máa kú, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà níbí máa ń já bọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, òmíràn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ìwo tuntun yẹn máa ń wọ awọ onírun múlọ́múlọ́ kan nígbà tó bá ń dàgbà, velvet ni òyìnbó ń pè é, àrán gan-an ni, ó sì jọ àrán lóòótọ́.

Fọ́tò kan wà tí mi ò lè gbàgbé, oṣù kẹfà ni, aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù. Abo kan tẹ orí wọnú ihò tí wọ́n ti lá jìn bí agbada àkàrà, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, amọ̀ pupa ilẹ̀ Georgia lẹ̀ mọ́ ọn títí dé imú, ó dá etí méjèèjì sẹ́yìn torí pé ojú rẹ̀ ò rí ẹ̀yìn nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ní àmì funfun tótòtó fara ti itan rẹ̀, ó ń wo kámẹ́rà. Mo wo fọ́tò yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo ti ń jẹ ẹran yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe máa ń ṣọ́ra tó bó bá ń lá iyọ̀.

Láti ìparí oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kankan nínú wọn ò débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ni àwọn akọ bọ́ àrán, ọ̀kan wá pẹ̀lú awọ tó já tó ń fì lára ìwo, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èso igi oak, èyí tí wọ́n ń pè ní white oak, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ni gbogbo wọn bá gba ìdí oak lọ. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa dé ìdajì, raccoon (ẹran kékeré kan tó ń jẹ̀ lóru níbí) àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló kù nínú fọ́tò tí kámẹ́rà mi ń yà. Ẹni tó bá gbé iyọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, ọjà ti tú kó tó débẹ̀.

Ó wá ku kámẹ́rà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, dọ́là 60 ni, oní mẹ́mọ́rì káàdì, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ yọ káàdì kó tó rí ohun tó yà. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Fọ́tò rẹ̀ ọ̀sán dára, ti alẹ́ dára níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn rẹ̀ po ò dì dáadáa, oṣù karùn-ún ni omi òjò wọlé, gíláàsì rẹ̀ ń làágùn látinú, mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó fún mi ti kọjá. Ó dùn mí gan-an, torí nǹkan tí wọ́n ṣe kó lè máa gbé inú òjò ni, ó sì yẹ kó lè gba òjò. Mo tú u, mo gbé e sínú ìrẹsì fún ọjọ́ méjì, mo fi fasilín ra rọ́bà yẹn yí po, látìgbà náà kò gba omi mọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ohun tí mo fojú rí lóṣù àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ló ti wá, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Mo so ó mọ́ igi tó jìnnà tó bí ẹsẹ̀ bàtà 25 sí iyọ̀, mo gbé e dé àyà, mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Gbogbo fọ́tò àárọ̀ funfun báláú. Àwọn tó kù, koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò koríko. Mo jókòó lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sínú pàǹtí.

Ẹ̀rọ yẹn kì í rí ẹran bí ojú wa ṣe ń rí i. Ooru ló ń fura sí, tí nǹkan tó gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ bá sún níwájú rẹ̀, á yà á. Koríko tí oòrùn ti yan, tí atẹ́gùn sì ń mì, ó lè tàn án jẹ. Lóṣù keje tí ooru ibí bá ń lọ sí 95 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ooru ara àgbọ̀nrín ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó bá jìnnà á kọjá ẹ̀rọ ò sì ní mọ̀. Mo wá sún un mọ́ iyọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìbàdí, mo fi ẹ̀ka igi kékeré ha ẹ̀yìn rẹ̀ lókè kó lè dorí kọdò díẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí àríwá kí oòrùn má baà máa wọ̀ ọ́ lójú, mo sì fi àdá gé gbogbo koríko àti ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó ya mẹ́ta léra wọn, kó sì sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, torí ẹran tó bá ti ń lá iyọ̀ kì í kánjú, kò sídìí tó fi máa ya 80 fọ́tò ẹran kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kámẹ́rà 60 dọ́là tó fún ibi iyọ̀. Àwọn olówó gọbọi máa ń fi bí wọ́n ṣe ń yára yà polówó, ìyára yẹn dára lóòótọ́ ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ti wúlò, níbi tí ẹran ti ń kọjá fìrì. Níbi iyọ̀ ńkọ́? Á dúró dè yín.

Àwọn kékèèké tó ṣẹlẹ̀: aláǹtakùn ta òwú bo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, fọ́tò alẹ́ á funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bá bolẹ̀. Lóṣù keje èèrà pupa tó ń ta èèyàn bí iná yẹn kọ́lé sínú àpótí bátìrì, ẹyin wọn funfun kún inú ibi bátìrì, mo ṣí i wọ́n sì ta mí lọ́wọ́ yánnayànna. Ẹ máa kan kámẹ́rà yín wò kí ẹ tó ṣí i. Bátìrì alkaline ò lò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ, lithium tí mo fi rọ́pò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó gbé mi dé ìparí oṣù kẹjọ. Ti iná alẹ́, èyí tó ń pọ́n ráúráú díẹ̀ tó bá fẹ́ yà (850 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀) ń ríran jìnnà ju èyí tí kò hàn rárá (940) lọ. Àwọn abo ò bìkítà. Akọ àgbà kan wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣẹ́rí padà.

Akọ yẹn ló jẹ́ kí n ra kámẹ́rà kejì. Fọ́tò ẹ̀ẹ̀kan náà yẹn, òru ni, ni mo ní nípa rẹ̀ láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹfà. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìgbòho lórí WhatsApp. Ọdẹ ni bàbá mi, ojú ò jẹ́ kí wọ́n lọ sígbó mọ́ báyìí, àbúrò mi ló ń bá wọn fa fọ́tò yẹn tóbi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àlàmú, ẹran yìí ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn." Mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá lò ń wò ni, àbí àwo tí wọ́n ti ń jẹun?" Wọ́n ní níbi tí ẹran ti ń lá ilẹ̀ ọ̀gán lẹ́rùn nígbà tiwọn, àwọn kì í jókòó sídìí ọ̀gán, ojú ọ̀nà làwọn máa ń lúgọ sí, torí ẹran tó ti dàgbà kì í kọ́kọ́ débi oúnjẹ, á yí i po lókèèrè ná, á gbé imú sí atẹ́gùn, tí nǹkan kan bá rùn sí i, ó di lílọ.

Mo ra èyí tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù, nǹkan bí dọ́là 100, pẹ̀lú owó dátà dọ́là 10 lóṣù. Mo dúró nídìí iyọ̀, mo fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, mo rin tó bíi 60 yáàdì tẹ̀ lé e, mo sì rí ipa ẹsẹ̀ tóóró kan tí mi ò fiyè sí tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo so ó mọ́, mi ò kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà gbọnrangandan, mo dá a kọrọ̀ díẹ̀ kí ẹran lè pẹ́ níwájú rẹ̀, mi ò sì fún un ní ìsinmi kankan láàárín fọ́tò. Ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́jọ ku díẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, fóònù mi dún níbi iṣẹ́. Akọ yẹn ni, àrán wà lórí ìwo rẹ̀, imú rẹ̀ sí òkè, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn rẹ̀ ò kan ilẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà yẹn ó ń kọjá níbẹ̀ bíi ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ìdí iyọ̀ ò rí i mọ́. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo fi han bàbá mi, wọ́n kàn ní "ẹn-ẹ́n."

Kámẹ́rà onífóònù yìí ní àléébù o. Fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ ti fún pọ̀, kò mọ́lẹ̀ bí èyí tó wà nínú káàdì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dára, á kó fọ́tò ọjọ́ méjì jọ kó tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n máa lọ síbẹ̀ ṣáá, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí òórùn èèyàn ló ń lé àwọn àgbà ẹran. Ti oní káàdì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń lọ, ọ̀sán gangan, pẹ̀lú bàtà òjò.

Nǹkan kan wà tó ń kó mi lọ́kàn sókè, mi ò sì lè gbóríyìn fún iyọ̀ kí n má sọ ọ́. Àrùn CWD. Ọpọlọ àgbọ̀nrín ló ń bàjẹ́, kò lóògùn, ohun tó ń fà á máa ń bá itọ́ àti ìtọ̀ jáde, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Wisconsin, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2018 pé àwọn rí i nínú iyẹ̀pẹ̀ àti omi ibi tí àgbọ̀nrín ti ń lá iyọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni Georgia kéde tirẹ̀ àkọ́kọ́, ní Lanier County, lápá gúúsù. Ó jìnnà sí Jasper, ṣùgbọ́n ahọ́n púpọ̀ nínú ihò kan ṣoṣo, ẹ ro ó wò. Ní tèmi, mo ti pa ibi lẹ́búlẹ́bú rẹ́, ibi kan ṣoṣo ló kù, tí wọ́n bá sì rí àrùn yẹn ní Jasper tàbí ìtòsí rẹ̀, màá bo ihò yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fi ẹran tí ẹ bá pa ṣe àyẹ̀wò bí wọ́n bá ń ṣe é lágbègbè yín, ẹran tó bá ní in, ẹ má jẹ ẹ́, ìkìlọ̀ àwọn CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àrùn, nìyẹn.

Ṣé màá tún rà wọ́n? Búlọ́ọ̀kù màlúù, bẹ́ẹ̀ ni, àní lọ́la. Àpò oníwo, rárá. Kámẹ́rà 60 dọ́là, màá tún un rà tí wọ́n bá ṣe rọ́bà rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màá fi dọ́là 20 lé e kí n ra òmíràn. Onífóònù, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni màá fi í sí. Kí ẹ sì má fi fọ́tò oṣù keje wá ẹran ní oṣù kọkànlá, àgbọ̀nrín èṣí lẹ máa máa jẹ lọ́bẹ̀, torí tí wọ́n bá ti bọ́ àrán, àwọn akọ tó ń jẹ pọ̀ á tú ká, òmíràn nínú wọn á kó kúrò lórí ilẹ̀ yẹn pátápátá.

Mo ti gbé kámẹ́rà oní káàdì kúrò nídìí iyọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó wà lára igi white oak tó wà lẹ́bàá ọgbà onílẹ̀, èso ń rẹ̀ pàpàpà sórí ewé gbígbẹ nígbà tí mo ń so ó. Iyọ̀ yẹn wà níbẹ̀, mi ò ní fi kún un títí di ìparí oṣù kejì.